Àádọ́ta ìṣẹ́jú lórí òkè Anthony Mímọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àforítì. Lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo fẹ́ fèsì sí, èyí tó ní kí àwọn tó ń kó èèyàn lọ sí ìrìn-àjò mímọ́ má ṣe mú ẹnikẹ́ni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún gun òkè mọ́. Ó ní ẹsẹ̀ wíwú ni ìyá òun gbé bọ̀ láti òkè tí wọ́n mú un lọ, ó sì fi oṣù méjì gbáko jókòó sójú kan. Mo bá a kẹ́dùn. Ká ní ìyá tèmi ni, ohun tí mo máa kọ ìbá gbóná ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti dojú kọ òkè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Nígbà àkọ́kọ́, n kò dé òkè. Nígbà kejì, mo dé ibẹ̀. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ ni mo fi dàgbà sí i láàárín méjèèjì, nítorí náà kò lè jẹ́ ọjọ́ orí ló dá mi dúró lákọ̀ọ́kọ́.

Ilẹ̀ Íjíbítì ni òkè ọ̀hún wà, nínú aṣálẹ̀ tó wà láàárín odò Náílì àti Òkun Pupa. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ilé àwọn mọ́ńkì ìjọ Kọ́ptíìkì, ìyẹn ìjọ Kristẹni àtijọ́ ti Íjíbítì, wà, tí wọ́n fi orúkọ Anthony Mímọ́ pè, ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ lọ máa dá gbé inú aṣálẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Odi gíga ló yí i ká. Láyé àtijọ́, okùn ni wọ́n fi ń fa èèyàn àti ẹrù gba orí odi náà wọlé nítorí àwọn olè aṣálẹ̀. Igi déètì wà nínú ọgbà náà, omi sì ń sun jáde láti inú àpáta títí di òní olónìí. Láti ibẹ̀, bí èèyàn bá gbójú sókè, yóò rí ihò àpáta tí Anthony fi ṣe ibùgbé, ní nǹkan bíi 300 mítà sókè. Àtẹ̀gùn tó gba ara òkè lọ síbẹ̀ tó nǹkan bí 1,200 ìpele. Kò sí igi kan lójú ọ̀nà. Òjìji òkúta nìkan ni ibòji tó wà, òun náà kì í pẹ́ sá kúrò tí oòrùn bá ti là.

Oṣù Kẹta ọdún 2019 ni mo kọ́kọ́ lọ. Àwa mọ́kàndínlógójì la wà nínú bọ́ọ̀sì. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí la kúrò ní Káírò, nítorí pé ibi mẹ́ta ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ pé a gbọ́dọ̀ dé lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń darí wa, èèyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ń bójú tó wa, ó sì ń pọ́n àgbà lé. Ṣùgbọ́n aago ló ń lé e kiri. A wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ inú ọgbà náà, níbi tí àwòrán àwọn ẹni mímọ́ ti wà lára ògiri láti nǹkan bí ọdún 1233, tí àwọ̀ wọn ṣì ń tàn bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Nígbà tá a fi jáde, oòrùn ti mú. Ẹni tó ń darí wa dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gòkè, àádọ́ta ìṣẹ́jú lẹ ní o, àlọ àtàbọ̀. Bọ́ọ̀sì ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."

Àádọ́ta ìṣẹ́jú! Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá gan-an lè lo tó wákàtí kan lórí àlọ nìkan. Ọkùnrin tí a tìtorí ẹ̀ wá síbẹ̀ lo ohun tó lé ní ogójì ọdún lórí òkè yẹn.

Làwa bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò sẹ́ni tó sọ pé ká sáré, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ti ka ìṣẹ́jú fún èèyàn, ẹsẹ̀ á máa yá fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fò ní ìpele méjìméjì, àwa tó kù ń lé wọn. Màmá kan wà láàárín wa tó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin nígbà yẹn. N kò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà yìí, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Iwájú mi ni wọ́n wà. Mo rí i tí wọ́n gbá irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, wọ́n dúró, wọ́n tún gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n wá jókòó lójijì bí ẹni tí wọ́n já okùn rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ètè wọn ti gbẹ, ó ti ń bó. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ahọ́n wọn ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Òógùn ò sí lára wọn rárá, ṣùgbọ́n iyọ̀ funfun fín-ín-fín-ín ti gbẹ sí ìdí irun wọn àti ní ọrùn. Bí aṣálẹ̀ ṣe ń ṣeni nìyẹn: òógùn ń jáde, atẹ́gùn gbígbẹ sì ń lá a lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èèyàn á rò pé òun ò làágùn, tí omi ara sì ti ń tán lọ. Mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú, mo ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù: 132 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Mo ní, "Màmá, omi mélòó lẹ ti mu láti ìdájí?"

Wọ́n ní, "Mi ò tíì mu nǹkan kan. Bọ́ọ̀sì ò dúró. Ibo ni kí n lọ tọ̀ sí?"

Olóòtú, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú èyí tó ń mú kéèyàn tọ̀ léraléra. Wọ́n ti gbé e mì láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n wá fi omi du ara wọn kí ojú má bàa tì wọ́n láàárín ọkùnrin àti ọmọ kékeré nínú bọ́ọ̀sì. Inú ìyẹn ni wọ́n ti wá ń sáré gun àtẹ̀gùn. Ọmọ ogún ọdún tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á ṣubú. Ṣé ọjọ́ orí la fẹ́ dá lẹ́bi nínú èyí?

Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, máa lọ, má jẹ̀ẹ́ kí tìẹ náà bọ́ lọ́wọ́ ẹ." Mo ní mi ò lọ. Mo fi ara mi ṣíji bò wọ́n, mo ń bu omi sínú ìdérí ìgò, mo ń fún wọn mu ní ìdérí kan, ká dúró, ìdérí kan, ká dúró, nítorí pé bí ẹni tó gbẹ bá gbé ìgò kanlẹ̀ ní dàmùdàmù, ó lè bì í jáde. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, ọkàn wọn ti wálẹ̀ sí 96, ojú wọn sì ti là. Ìgbà yẹn ni àwọn tó ti débẹ̀ ń sáré bọ̀ wálẹ̀. Mo bi ọ̀kan lára wọn pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Ó ní òun ya fọ́tò.

A dé bọ́ọ̀sì láìrí ihò àpáta náà. Màmá ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Káírò. Ẹsẹ̀ wọn wú lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹsẹ̀ ìyá òǹkàwé yín ṣe wú. Nítorí náà mo mọ ohun tó ń sọ, mo fi ọwọ́ mi fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn tí mo padà délé ni mo wá jókòó ti ìtàn Anthony. Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, tó mọ̀ ọ́n lójúkojú, ló kọ ìgbésí ayé rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ olówó ni Anthony, àwọn òbí rẹ̀ fi ilẹ̀ oko tó pọ̀ sílẹ̀ fún un. Ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, ó bá ibi tí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ fún ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́rọ̀ pé kó lọ ta ohun tó ní, kó fi fún àwọn tálákà. Ó gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé inú ibojì àtijọ́, ó gbé inú ilé olódi kan tí wọ́n ti pa tì fún nǹkan bí ogún ọdún, kó tó di pé ní nǹkan bí ọdún 313 ó tẹ̀ lé àwọn ará aṣálẹ̀ kan rìn ọjọ́ mẹ́ta wọ inú aṣálẹ̀, títí ó fi rí òkè yìí, omi tútù nísàlẹ̀ rẹ̀, àti igi déètì mélòó kan. Athanasius ní ó fẹ́ràn ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbin ọkà díẹ̀ síbẹ̀ kí àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá fún un lè sinmi. Nígbà tí ẹranko ìgbẹ́ ń wá mu omi, tí wọ́n ń ba oko rẹ̀ jẹ́, ó rọra di ọ̀kan mú, ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń ṣe òun níbi, nígbà tí òun ò ṣe wọ́n níbi. Ọdún 356 ló kú, ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́rùn-ún. Ohun tí èmi nọ́ọ̀sì kà lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìtàn náà ni èyí: wọ́n ní títí tó fi kú, ojú rẹ̀ ríran kedere, eyín rẹ̀ kan ò yọ, ó kàn jẹ́ pé eyín náà ti jẹ dé ìdí erìgì nítorí ogbó, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le.

Ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́rùn-ún lórí òkè yẹn, láìsí àtẹ̀gùn.

Ẹnì kan tún wà tí mo fẹ́ kí òǹkàwé yín mọ̀. Lójú ọ̀nà àtẹ̀gùn náà, ibì kan wà tí wọ́n fi ń rántí Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Òpè. Àgbẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, ló bá fi ilé sílẹ̀, ó wá bá Anthony pé òun fẹ́ di mọ́ńkì. Anthony wò ó, ó ní ẹni ọgọ́ta ọdún ni ọ́, o ò lè ṣe é, padà sí abúlé rẹ, kí o máa ṣiṣẹ́ oko rẹ. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò jáde. Lọ́jọ́ kẹrin tó ṣílẹ̀kùn, bàbá náà ṣì wà lórí ìdúró, kò jẹ, kò sì lọ. Anthony wá fún un ní imọ̀ ọ̀pẹ tó ti rẹ sómi pé kó hun okùn. Ó hun ún dọ̀sán, okùn gígùn gbọọrọ. Anthony ní kò dára, kó tú u, kó tún un hun. Ó tú u, ó tún un hun, kò ráhùn. Ó fi bẹ́ẹ̀ di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára òkè náà títí dòní.

Ẹ wò ó, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ohun tí òǹkàwé yín sọ yìí, Anthony fúnra rẹ̀ ni. Ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbà tó rí ọkàn bàbá náà.

Mo ka ìtàn Pọ́ọ̀lù yìí fún Màmá lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Nígbà wo la ń padà lọ?"

Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 la padà lọ, àwa mẹ́ta péré, èmi, Màmá, àti ọmọ wọn obìnrin. Ibì kan ṣoṣo la fi ọjọ́ náà fún. A sùn létí Òkun Pupa, ní Zafarana, kí ọ̀nà lè yá láàárọ̀. Mo ti bẹ dókítà wọn ṣáájú kó sọ bí wọ́n ṣe máa lo oògùn wọn lọ́jọ́ náà, ó sì sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni Màmá ti ń gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ wọn lókè-sódò lójoojúmọ́.

Afẹ́fẹ́ ṣì tutù nígbà tá a bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń kà. Ọgbọ̀n ìpele, ká dúró, ká mí kanlẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, ká fi omi ra ẹnu, ká tún gbéra. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Nígbà tí mo kà á dé ogún ìdúró, oòrùn ti kan orí òkè, àwọ̀ àpáta sì ń yí padà níwájú wa, láti eérú sí pupa rúsúrúsú, láti ibẹ̀ sí àwọ̀ oyin. Ní ọdún 2019, èmi ò mọ̀ pé òkè yẹn ní àwọ̀. Mo gbọ́ ẹyẹ kan. A jókòó níbi Pọ́ọ̀lù Òpè, Màmá fi ọwọ́ pa òkúta náà, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ kú ìdúró." Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kọ́ptíìkì méjì tó ń sọ̀ kalẹ̀ kí wa, wọ́n gba àpò lọ́wọ́ mi, wọ́n yí padà, wọ́n sì tún bá wa gbé e gòkè ní ọ̀pọ̀ ìpele kí wọ́n tó padà. Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú ló gbà wá.

Ẹnu ihò náà há. A bọ́ bàtà síta. Ẹ̀gbẹ́ ni èèyàn fi ń wọlé, àyà kan òkúta níwájú, ẹ̀yìn kan òkúta lẹ́yìn, ọwọ́ àwọn tó ti ń kọjá láti ọjọ́ pípẹ́ sì ti mú ara àpáta náà dán bí awọ. Òkùnkùn ni lákọ̀ọ́kọ́. Tí èèyàn bá ti rìn ín já, yàrá kékeré kan ló máa bá, pẹpẹ wà níbẹ̀, ìwé pélébé pélébé tí àwọn èèyàn kọ àdúrà wọn sí sì wà ní pàlàpálá òkúta. A jókòó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà sókè. Ó pẹ́ kí èémí wa tó rọlẹ̀, nígbà tó sì rọlẹ̀ tán, Màmá fọwọ́ kàn mí lórúnkún.

"Nọ́ọ̀sì, ṣó o gbọ́?"

"Kí ni, Mà?"

"Kò sí nǹkan kan."

Mo tẹ́tí. Lóòótọ́, kò sí ohunkóhun, àní atẹ́gùn ò wọ ibẹ̀. Mo wá gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi tó ń lọ tó ń bọ̀ létí mi, bí mo ṣe máa ń gbọ́ ti aláìsàn nínú ẹ̀rọ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ronú pé nítorí èyí ni ọkùnrin náà ṣe rin ọjọ́ mẹ́ta wọ aṣálẹ̀. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni lè rí i láàárín àádọ́ta ìṣẹ́jú, ọmọdé ni o, àgbà ni o.

Kò pẹ́ tí a jáde ni ọ̀wọ́ mìíràn dé, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹnì kan ń pariwo láti ìsàlẹ̀ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, iná fóònù ń kọ mànà nínú, wọ́n ń jáde. Obìnrin kan nínú wọn jókòó sórí òkúta lẹ́bàá wa, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó jọ pé kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Mo bu omi sínú ìdérí ìgò fún un.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó èèyàn rìnrìn-àjò nìyí. Ẹ yọ ibì kan tàbí méjì kúrò nínú ìwé ètò yín. Ẹni tó bá dé ibi kan dáadáa ti jèrè ju ẹni tó sáré kọjá ibi mẹ́ta lọ. Kí àwọn èèyàn tó san kọ́bọ̀, ẹ sọ fún wọn pé àtẹ̀gùn 1,200 ló wà níbẹ̀, pé kò sí ibòji, kí wọ́n lè fi oṣù díẹ̀ múra sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì máa dúró kí àgbà lè tọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún kọ sínú ìwé ìròyìn, àmọ́ òun gan-an ló gbé Màmá jókòó lójijì lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbéra láàárọ̀ kùtù. Ẹni tí kò bá fẹ́ gòkè, ẹ jẹ́ kó jókòó nínú ọgbà lẹ́bàá omi yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń fi ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé omi kan náà ni Anthony mu. Nígbà àbọ̀ sì rèé, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa orúnkún jù, itan á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á sì yẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ la fi sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ wa ò sì kúrò lára irin. Ẹsẹ̀ Màmá ò wú lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sùn.

Bí ara ẹnì kan bá ní àìsàn ọkàn, tàbí tí èémí rẹ̀ ń há lórí ìdúró, ìyẹn yàtọ̀, dókítà ló máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ì báà ṣe ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí wọ́n fi ọdún tí wọ́n bí èèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n tọ́ ọmọ tán, tí wọ́n ṣiṣẹ́ tán, ni àyè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n. Tí a bá ní kí wọ́n má lọ nígbà yẹn, nígbà wo ni kí wọ́n lọ?

Sí òǹkàwé yín: Màmá, tó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin báyìí, ní kí n bá àwọn bi yín bóyá ẹsẹ̀ ìyá yín ti rọlẹ̀. Wọ́n ní tó bá ṣì ń wu ìyá láti dé orí òkè, a tún ń lọ ní oṣù Kọkànlá tó ń bọ̀, a sì ti fi àyè ẹnì kan sílẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn láti ìsinsìnyí, ìpele márùn-ún lójúmọ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn tí dókítà bá ti yẹ̀ wọ́n wò. Èmi ni màá máa kà.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì àfẹ̀yìntì kan